Ẹ má fi = ṣe iṣẹ́ ==
Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́ eléyìí. Expression ni ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà lè ṣírò kó sì mú èsì jáde. Ẹ wo 3 + 4 * 2: 11 ló máa fún yín, kì í ṣe 14, torí ìsọdipúpọ̀ ló ń ṣíwájú. Àmì + àti * là ń pè ní operator. Ohun tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí ni operand. Nítorí náà, operand + níbí ni 3 àti odindi 4 * 2.

Àmọ́ x = 5 kì í ṣe expression o. Àṣẹ lásán ni, pé kó fi 5 sábẹ́ orúkọ x. Bẹ́ẹ̀, expression ni if ń fẹ́, kó lè mọ̀ bóyá nǹkan jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyẹn tí if x = 5: fi ń gbé SyntaxError jáde, ìyẹn àṣìṣe nínú bí a ṣe kọ àṣẹ. ==, tó ń béèrè bóyá ohun méjì dọ́gba, lẹ ń wá. Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi wá àmì kan ṣoṣo yẹn!