Bí oníṣòwò kékeré ṣe lè ya owó ara rẹ̀ kúrò lára owó ọjà

Ẹ bi ọlọ́jà pé èló ló jèrè lóṣù tó kọjá, inú dúrọ́ọ̀ ni ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ wò. Owó ọjà wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn, owó ẹni tó kó ọjà fún wa láwìn wà níbẹ̀, owó sọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀. Àfi ká kọ́kọ́ tú wọn ká.

1. Ẹ ṣí akáǹtì méjì, ọ̀kan fún ọjà, ọ̀kan fún ara yín. Owó POS àti tọ́ńsífà oníbàárà, ti ọjà ni kó máa wọ̀. Kí ẹ sì máa kọ gbogbo rírà, títà àti ìnáwó sínú ìwé. Ká ní ẹ ra páálí ọṣẹ kan ní ₦20,000, ẹ fún ọlọ́kọ̀ àti alábàárù ní ₦1,000, ẹ wá tà á tán ní ₦24,000. Èrè ₦3,000 lẹ rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá padà dé ọjà tí páálí náà ti di ₦23,000, tí ẹ tún san ₦1,000 ọkọ̀, kọ́bọ̀ kò ṣẹ́kù. Bí ẹ bá ti ná ₦3,000 yẹn, owó ọjà lẹ jẹ. Àjẹìwẹ̀yìn ló ń mú igún pá lórí. Nítorí náà, ọjọ́ tí iye rírà bá ti gbéra ni kí iye títà náà gbéra, ẹ má dúró kí ọjà àtijọ́ tán.

2. Ẹ bu owó oṣù fún ara yín, kó sì ní iye kan pàtó. Owó iléèwé ọmọ, aṣọ ẹbí, oúnjẹ, inú ẹ̀ ni kí gbogbo wọn ti jáde.

3. Ẹ kó ìnáwó oṣù mẹ́ta jọ fún ọjọ́ àìsàn tàbí ọjọ́ tí ọjà bá kú. Àjọ dára fún owó tí ẹ fẹ́ fi ra ọjà, ṣùgbọ́n báńkì ni kí èyí wà. Bí báńkì ńlá bá kógbá wọlé, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí aráàlú fi sí báńkì, máa san owó oníbàárà kọ̀ọ̀kan padà, kò kàn ní ju ₦5 mílíọ̀nù lọ. Ti báńkì máíkírò jẹ́ ₦2 mílíọ̀nù. Bí alájọ bá sá lọ, ta lẹ máa bá sọ ọ́?

4. Ẹ san gbèsè elélé gọbọi tán. Lẹ́yìn náà lẹ tó lè yá ìjọba lówó. Láti 2017 ni DMO, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó gbèsè orílẹ̀-èdè, ti ń ta bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ẹ yá ìjọba lówó. ₦5,000 ló kéré jù, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, èlé sì ń wọ akáǹtì yín ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ọwọ́ àwọn alágbàtà tí orúkọ wọn wà lórí ìkànnì DMO ni ẹ ti máa rà á. Owó tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn ni kí ẹ fi ra bọ́ǹdì o. Bí ọjà yín bá ń yára tà, tó sì ń mówó wọlé ju èlé yẹn lọ, ẹ fi kún ọjà.

5. Ẹ má gbàgbé ọjọ́ ogbó. Láti 2019 ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, bó ti wù kí iṣẹ́ náà kéré tó.

6. Ẹni tó bá ní òun máa sọ owó yín di ìlọ́po méjì lóṣù kan, ẹ sá fún un. Oṣù Kejìlá 2016, tí ọdún Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, ni MMM, ètò jìbìtì kan tó ṣèlérí èlé gọbọi, ti akáǹtì mọ́ àwọn èèyàn lójú. Ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ tó fẹ́ gba owó yín lórí ìkànnì SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdókòwò, kí ẹ tó fún wọn ní kọ́bọ̀. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn.