Bí Sealer Ṣe Lè Di Gbòǹgbò Eyín Mú Dáadáa

Bí sealer, ìyẹn èròjà tí a fi ń dí ihò gbòǹgbò eyín, bá tú kúrò lára ihò náà, ẹ má tíì dá sealer lẹ́bi. Omi tí ẹ fi fọ ihò náà kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bí fáìlì ṣe ń ha inú ihò, ìyẹ̀fun eyín àti òkú ẹran ara á pò pọ̀, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ògiri ihò bí ẹrẹ̀, débi pé ojú àwọn ihò wínníwínní tí sealer ì bá wọ̀ á dí. Sodium hypochlorite, 2.5% sí 5.25%, máa ń jẹ òkú ẹran ara, ó sì ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò lè kó ìyẹ̀fun. EDTA 17%, omi ìfọ̀ mìíràn, ló ń kó ìyẹn. Mílílítà 5 láàárín ìṣẹ́jú kan ti tó. Bó bá pẹ́ jù, ògiri eyín á rọ̀. Kí ẹnu abẹ́rẹ́ sírínjì jìnnà sí òpin ihò ní mílímítà 1 sí 2, kó má sì há. Hypochlorite tó bá gba ìdí gbòǹgbò jáde á mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn wú, ìrora rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni pé lẹ́yìn EDTA, àwọn kan tún máa ń padà sí hypochlorite. Yóò jẹ ògiri tí EDTA ti bó, yóò sì fi ọ́síjìn sílẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí sealer onírésìn dì dáadáa. Omi dísítílì tàbí omi oníyọ̀, mílílítà 5 sí 10, ni kí ẹ fi kádìí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí chlorhexidine, omi apakòkòrò mìíràn, àti hypochlorite pàdé: àwọ̀ ilẹ̀ ni àdàlù wọn ń ní, ó sì ń dí ihò. Bí calcium hydroxide, oògùn tí a máa ń fi sínú ihò fúngbà díẹ̀, bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi fáìlì tó tóbi jù nínú èyí tí ẹ lò dé òpin ihò àti EDTA há a kúrò, nítorí ìyókù rẹ̀ kì í jẹ́ kí sealer kan eyín.

Bí ẹ ó ṣe gbẹ ihò, irú sealer ló ń sọ ọ́. Fún oní-epoxy, tó jẹ́ irú résìn kan, ẹ máa yí paper point (bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa omi) padà títí ẹnu rẹ̀ yóò fi máa jáde ní gbígbẹ. Ti calcium silicate kò rí bẹ́ẹ̀, omi ló fi ń dì. Ẹ fi ọ̀rinrin díẹ̀ sílẹ̀ fún un, ẹ má sì fi ọtí gbẹ ihò náà. Tí ẹ bá fẹ́ fi símẹ́ńtì onírésìn gbé pósítì (ọ̀pá inú gbòǹgbò) dúró lẹ́yìn náà, ẹ yẹra fún sealer tó ní eugenol, torí kì í jẹ́ kí résìn dì.

Ìwọ̀n kan náà ni ẹ ó fún jáde látinú túbù méjèèjì ti epoxy. Ẹ pò ó títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dọ́gba láìní ilà. Ooru Ilé-Ifẹ̀ ń mú kó yára dì, nítorí náà ẹ má pò ó sílẹ̀ de aláìsàn.

Ẹni tó bá fẹ́ dán bí sealer ṣe di eyín mú tó wò lórí eyín tí wọ́n ti yọ, kó dí i, kó fi aṣọ tútù wé e, kó sì gbé e sí 37°C fún ọjọ́ 7. Lásìkò ọyẹ́, eyín lórí tábìlì ń gbẹ kíákíá, ó sì ń sán. Aṣọ náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí iná bá ń lọ, ẹ fi ẹ̀rọ ìmóoru náà sórí inverter. Ẹ gé gbòǹgbò sí wẹ́wẹ́ onímílímítà 1 lábẹ́ omi, kí ẹ sì fi ọ̀pá tó kéré díẹ̀ sí ihò ti ohun tí ẹ fi dí i láti ojú tó fún sí èyí tó fẹ̀, ní mílímítà 0.5 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín agbára tó tú u, ní newton, pẹ̀lú fífẹ̀ ògiri: bí rédíọ́ọ̀sì ihò bá jẹ́ mílímítà 0.5 lókè, 0.45 nísàlẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bíi mílímítà onígun mẹ́rin 3. Newton 9 á fún yín ní MPa 3, ìyẹn newton 3 lórí mílímítà onígun mẹ́rin kan.

Ẹ wo ibi tó ti tú lábẹ́ máíkírósíkópù. Láàárín sealer àti eyín, ẹ padà sídìí ìfọ̀. Nínú sealer fúnra rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ kò pò ó dáadáa tàbí kò tíì dì tán. Láàárín rẹ̀ àti gutta-percha, ìyẹn ohun bíi rọ́bà tí a fi ń kún ihò, kò yani lẹ́nu. Wọn kì í lẹ̀ mọ́ra dáadáa.