Ẹ jẹ́ kí ìwé àwọn ọmọ sọ bí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀la ṣe máa rí

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ má tíì kọ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀la o, ẹ kọ́kọ́ wo ohun táwọn ọmọ kọ lónìí.

Tó bá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí kíláàsì parí, ẹ fún wọn ní bébà pélébé àti ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó yé yín?" torí gbogbo wọn ló máa pariwo bẹ́ẹ̀ ni, títí kan ẹni tí ò mọ ibi tá a dé rárá. Ẹ ní kí wọ́n ṣe 1/2 + 1/3. Tẹ́ ẹ bá rí 2/5, ẹ má kàn fi bírò pupa fà á kẹ́ ẹ máa lọ. Ọmọ yẹn ò sùn o, ó ro tòkè pọ̀, ó ro tìsàlẹ̀ pọ̀, ọgbọ́n kan ló lò, ọgbọ́n yẹn ló ṣì í lọ́nà. Ẹ bi í pé ìdajì àti 2/5, èwo ló pọ̀ jù? Báwo la ṣe máa fi nǹkan kún ìdajì kó tún wá kéré sí ìdajì? Ibi tó ti dákẹ́ tó ń wo bébà yẹn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la, kì í ṣe ojú ìwé tó kàn.

Tó bá ju ààbọ̀ kíláàsì lọ tó ṣì í, ẹ fi ọ̀nà míì kọ́ gbogbo wọn. Tí ò bá ju mélòó kan lọ, ẹ kó wọn jókòó sápá kan, káwọn tó kù máa ṣiṣẹ́.

Àwọn kan á ní ọmọ yìí ojú ló fi ń kẹ́kọ̀ọ́, tọ̀hún etí ni. Lọ́dún 2008, Pashler, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò, wọn ò rí ẹ̀rí tó tó fún un, torí náà ẹ má pa ara yín kọ ètò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn. Ẹ yàwòrán ẹ̀ sí bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ sì máa ṣàlàyé, gbogbo wọn ló máa jẹ àǹfààní ẹ̀.

Ìgbàgbé ni ká wá ro. Lọ́dún 2006, Roediger àti Karpicke, táwọn náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, rí i pé àwọn tó ń ka ìwé lákàtúnkà ló kọ́kọ́ ṣe dáadáa jù nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n gbìyànjú láti rántí ló borí. Ohun tó ń tan àwa tíṣà jẹ nìyẹn! Ẹ máa fi ìbéèrè àná, tọ̀sẹ̀ tó kọjá, toṣù tó kọjá bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, ìwé ní pípadé.

Èmi máa ń fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lófìfo nínú ètò ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mi ò sì tíì rí ọ̀sẹ̀ tí bébà àwọn ọmọ ò sọ ohun tí màá fi dí i.