Kí Ẹ Tó Gba Ìkọ́ṣẹ́ Nílé Iṣẹ́ Rédíò Nílùú Ọba

Òfin Ìlú Ọba kò mọ ẹni tó ń jẹ́ "intern", ìyẹn ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ rédíò kankan. Orúkọ tí wọ́n bá pè yín níbẹ̀ kọ́ ni òfin máa wò. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe gan-an ló máa wò: ṣé òṣìṣẹ́ ni yín, àbí ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àbí akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì rán wá, àbí ẹni tó kàn wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló máa sọ bóyá owó tọ́ sí yín, òun náà ló sì máa sọ bóyá físà yín gbà yín láyè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti físà. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, tó ń kàwé dìgírì, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé kò bá tíì gba ìsinmi. Ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tó dìgírì ní wákàtí 10. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀sẹ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Àìkú ló ń parí, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe pátá ni wọ́n sì máa ń rò pọ̀. Bí ẹ bá ti ṣe wákàtí 16 nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, mẹ́rin péré ló kù fún rédíò. Ẹ kò sì lè ṣe 25 lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ wá ṣe 15 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ó lè bára mu.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nídìí iṣẹ́ rédíò kì í ṣe wákàtí. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà kí èèyàn máa dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ atọ́kùn ètò, àti àwọn tó ń gé ohùn tí wọ́n sì ń tò ó pọ̀, invoice, ìwé tí èèyàn fi ń béèrè owó iṣẹ́ tó ṣe, ni wọ́n fi ń gbowó, ẹni tó bá sì ń gbowó báyẹn, adáṣiṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kà á sí. Olóòtú lè fi inú rere sọ pé, "Ẹ fi invoice ránṣẹ́, a máa san ọgọ́ta pọ́n-ùn fún yín lórí ètò kọ̀ọ̀kan." Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ yín sínú ìwé owó òṣìṣẹ́ wọn. Bí wọn kò bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà lọ. Èmi náà ti jẹ́ kí irú rẹ̀ lọ rí, lọ́sẹ̀ tí mo nílò owó náà jù. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí físà Graduate, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ti kàwé gboyè níbẹ̀, kò ní ìṣòro yìí: ó lè dá ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń ka wákàtí fún un.

Tó bá kan owó, ẹ wo bí ọjọ́ yín ṣe ń lọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá yan àkókò tí ẹ gbọ́dọ̀ dé, tí wọ́n ń pín iṣẹ́ fún yín, tí ẹ sì ń gbé ètò jáde bíi tàwọn yòókù, òṣìṣẹ́ ni yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba owó tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀. Fún ẹni tó ti pé ọdún 21, pọ́n-ùn 12.71 ni fún wákàtí kan láti oṣù kẹrin ọdún 2026, 12.21 ló jẹ́ lọ́dún tó ṣáájú. Wọn kò lè fi ìlérí pé iṣẹ́ gidi ń bọ̀ lẹ́yìn dípò owó náà. Àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ yunifásítì rẹ̀ níbẹ̀, tí kò sì ju ọdún kan lọ, ẹni tó ń tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ kiri láti wòran láì fọwọ́ kan iṣẹ́, àti ẹni tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ẹgbẹ́ aláàánú. Owó ọkọ̀ tí olùyọ̀ǹda bá ná lóòótọ́ ni wọ́n lè dá padà fún un, nítorí náà ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì yín.

Níbo wá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀? BBC máa ń polówó àyè ìkọ́ṣẹ́ lórí ìkànnì rẹ̀, ẹ gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ èrò tó ń dù ú pọ̀. Rédíò àdúgbò ni èmi máa ń dárí èèyàn sí. Òfin ọdún 2004 ló fẹsẹ̀ wọn múlẹ̀: wọn kì í ṣe é fún èrè, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún àwọn ará àdúgbò láyè láti kópa. Ó lé ní 300 irú wọn káàkiri Ìlú Ọba, àwọn olùyọ̀ǹda ló sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn ró. Kí ẹ ṣáà wo ìwé tí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ àdéhùn tó so yín mọ́ iṣẹ́ àti wákàtí pàtó, àwọn aláṣẹ ìwọ̀lú lè kà á sí iṣẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ san kọ́bọ̀, á sì jẹ nínú wákàtí 20 yín. Ẹ fi ìwé náà han ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ní yunifásítì yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ímeèlì dá yín lóhùn.

Rédíò ilé ìwòsàn ńkọ́? Èèyàn kì í sábà rántí rẹ̀, ó sì dùn mí, torí mi ò mọ olùkọ́ tó dára jù ú lọ. Àwọn olùyọ̀ǹda máa ń lọ láti ibùsùn dé ibùsùn, wọ́n á béèrè orin tí aláìsàn fẹ́ gbọ́, wọ́n á sì padà wá gbé e sáfẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá arúgbó kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìyá náà tó rántí àkọlé orin tó fẹ́ gbọ́ ti kọ́ bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò. Níbẹ̀ náà ni ohùn yín á ti balẹ̀. Ẹ má yí ohùn padà kí ẹ lè dún bí ọmọ onílẹ̀. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, kí gbogbo ọ̀rọ̀ là ketekete. Kí ẹ tó lè wọ inú wọ́ọ̀dù, wọ́n sábà máa ń ṣe àyẹ̀wò DBS, èyí tó ń wo bóyá èèyàn ti rúfin rí, ó sì lè pẹ́ díẹ̀.

Ìwé kò pọ̀. Bí iṣẹ́ olówó bá ni, ẹ gba share code, nọ́ńbà tí agbanisíṣẹ́ máa fi rí i pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́, láti inú eVisa yín (físà orí íńtánẹ́ẹ̀tì) lórí ìkànnì ìjọba. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún 90 ọjọ́. Ọ̀fẹ́ ni nọ́ńbà National Insurance, èyí tí ìjọba fi ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀ tó bá kan owó orí, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ó tó jáde.

Bí ẹ bá ti wọ sitúdíò, Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ni ọ̀gá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ilé iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ tọ́jú ohun gbogbo tó bá jáde lórí afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ 42. Ẹ kò lè sọ pé ẹ ò sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìdìbò, àríyànjiyàn lórí ìbò gbọ́dọ̀ dákẹ́ látìgbà tí ibùdó ìdìbò bá ti ṣí. Bí ọlọ́pàá bá ti mú ẹnì kan, ẹ má sọ lórí afẹ́fẹ́ pé òun ló ṣe é. Òfin ọdún 1981 lórí títàbùkù ilé ẹjọ́ lè mú ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ pọ̀. Ẹ má gba owó olórin kankan láti gbé orin rẹ̀ jáde, ẹ má sì fi ètò polówó ọjà ọ̀rẹ́ yín.

Lẹ́tà tí ẹ máa kọ kò gbọdọ̀ gùn: ẹni tí ẹ jẹ́, ọjọ́ tí ẹ lè wá, irú físà tí ẹ ní, àti ohùn ìṣẹ́jú méjì tí ẹ fi fóònù gbà sílẹ̀ níbi tí kò sí ariwo. Ẹ gbọ́ ètò wọn fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó kọ ọ́, kí ẹ sì dárúkọ èyí tí ẹ fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ pè wọ́n, kí ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó àwọn olùyọ̀ǹda.