Owó abo ni mo san, àkùkọ ni mo gbé wálé

Ẹni tó ta àwọn òròmọdìẹ náà fún mi ń gbé wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń wo orí wọn. Ó ní èyí tó bá ní àmì funfun lórí, akọ ni. Èyí tí kò bá ní, abo ni. Àwọn tí kò ní àmì nìkan ni mo kó, owó wọn sì ju ti akọ lọ. Mo ń bọ́ wọn, mò ń retí ẹyin, àfi bí ogbe orí àwọn kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n kíá, tí ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn ń gùn, tó ń ṣe ṣóńṣó lẹ́nu. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń kọ láàárọ̀.

Mo padà tọ̀ ọ́ lọ. Ó ní òun ò parọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn. Òótọ́ ni, àmì orí máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún adìẹ tirẹ̀. Baba àwọn òròmọdìẹ yẹn jẹ́ àkùkọ abilà, ìyẹn èyí tó ní ilà funfun lára ìyẹ́, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ abilà, tí baba rẹ̀ sì jẹ́ pupa lásán. Àwọn abo tó ń gùn ò ní ilà. Irú baba bẹ́ẹ̀ máa ń fún bí ìdajì ọmọ rẹ̀ ní ilà, àtakọ àtabo, òròmọdìẹ tó bá sì máa ní ilà ló ń ní àmì funfun lórí. Kí wá ni àmì orí fẹ́ sọ níbẹ̀?

Ìbínú ni mo fi pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó yan ìyá àti baba. Ohun tó ń fa ilà funfun sára ìyẹ́ dúdú wà lórí krómósómù Z, ọ̀kan lára àwọn ohun tín-ín-tín tí òbí fi ń gbé àwọ̀ àti ìrísí fún ọmọ. Àkùkọ ní Z méjì. Abo ní Z kan àti W kan. Ọmọ ọkùnrin ló ń gba Z ìyá rẹ̀, ọmọ obìnrin ò rí i gbà, ti baba nìkan ló ń mú. Nítorí náà, ìyá ló gbọ́dọ̀ jẹ́ abilà, kí baba má ní ilà rárá. Ẹ yí i padà, kí baba ní ilà lórí Z méjèèjì, gbogbo ọmọ ló máa ní àmì lórí, kò sóhun tí ẹ máa rí yà sọ́tọ̀.

Àkùkọ pupa tí kò ní ilà wà nílé, abo abilà wà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àkùkọ mìíràn ti ń gun àwọn abo náà. Tí ẹ bá mú àkùkọ kúrò lónìí, àtọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú abo, ẹyin tó bá yé fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì lè di ọmọ ẹni àná. Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi lélẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń kó ẹyin tí mi ò lè fi sábẹ́ adìẹ kankan. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú wọn wá yàn láti sàba! Ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán, ó fẹ ìyẹ́, ó ń kùn, bí mo bá na ọwọ́ sí i á sọ mí. Ara tó yẹ kó fi sàba ẹyin tèmi ló ń fi ṣòfò.

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà pé ni àkùkọ àtijọ́ fò kọjá ọgbà. Orí abo kan ni mo bá a, ó fi ẹnu di ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ mú. Ó di pé kí n bẹ̀rẹ̀ kíkà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan tún wá ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ṣáà yan ẹyin roboto, pé abo ló wà nínú wọn. Irọ́ ni. Ara abo tó yé e ló ń pinnu bí ẹyin ṣe máa rí, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìsàba ọjọ́ 21, ẹ mọ bó ṣe ń lọ.

Nígbà tí wọ́n fọ́ èèpo jáde, gbogbo wọn tutù, wọ́n dúdú bákan náà, àyà mi já. Bí ara wọn ṣe ń gbẹ ni àmì funfun ń yọ lẹ́yìn orí àwọn kan, bí ẹni fi ìka tó kan ẹfun tẹ̀ wọ́n níbẹ̀. Akọ nìyẹn. Àwọn tí orí wọn dúdú kanlẹ̀ ni abo. Ẹ má wo ikùn àti ṣóńṣó apá o, funfun máa ń wà níbẹ̀ lára méjèèjì.

Àmì àwọn díẹ̀ ò hàn kedere, torí àmúlùmálà làwọn ìyá wọn, irun àwọn ọmọ náà ò dúdú dáadáa. Mo so okùn mọ́ ẹsẹ̀ wọn, mo dúró de ìyẹ́ apá. Èyí tí ilà yọ lára ìyẹ́ rẹ̀, akọ; èyí tí kò ní, abo. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀: gbogbo èyí tí mo pè ní abo lọ́jọ́ tí wọ́n jáde ló jẹ́ abo, dúdú tó ní pupa díẹ̀ lọ́rùn.

Mi ò tún ní ra òròmọdìẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ ìyá àti baba wọn fún mi. Mi ò sì ní fi àkùkọ funfun ṣe baba, torí àwọ̀ funfun lè bo ilà mọ́lẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ó gbé e. Ọrùn ìhòòhò àti ìyẹ́ tó ká ò lè fi akọ hàn yín, wọn ò sí lórí Z. Ní ti àwọn tó ń na apá òròmọdìẹ wo gígùn ìyẹ́, ìyá àti baba tí wọ́n dìídì yàn fún un ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Lára adìẹ tó kàn dà pọ̀ lẹ́yìnkùlé, àfọ̀ṣẹ lásán ni.