Ìbàdí Tí Wọ́n Ní Kí N Má Yí

₦60,000 ni mo san fún ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ mi ní gọ́ọ̀fù. Ẹ̀yìn ríro ni mo fi owó náà rà. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ọ̀pá sókè, á ní, “Di ìbàdí rẹ mú! Èjìká ni kí o yí.” Mo sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kò pé oṣù méjì tí mi ò fi lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ mọ́. Bí mo bá wọ ọkọ̀ láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, wọ́n á dì mí mú kí n tó lè sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá físíò kan, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá àti ọwọ́ wo ara ríro, ló là mí lóye. Wọ́n ní egungun márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn lè tẹ̀ síwájú, wọ́n lè tẹ̀ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í yí ju bíi dígírì 1 sí 2 lọ. Egungun 12 tí ìhà so mọ́ lókè wọn, àti oríkèé itan méjèèjì, àwọn ló ni yíyí. Èjìká ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá á yí tó nǹkan bíi dígírì 90, ìbàdí rẹ̀ á yí tó 45. Èmi tí mo di ìbàdí pa, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni mo ń fipá wá ìyókù sí! Tiger Woods, ìlúmọ̀ọ́ká agbá-gọ́ọ̀fù pàápàá, ẹ̀yìn ló gbé e dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ní 2017 wọ́n so egungun pọ̀ fún un nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, kó tó padà wá gba ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní Masters ní 2019.

Bí a ṣe ń di ọ̀pá mú àti bí a ṣe ń dúró, mi ò ní sọ ìyẹn níbí. Gbígbé ọ̀pá sókè náà, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe. Mo jẹ́ kí ìdí ọ̀tún sún sẹ́yìn bí ẹni ń fìdí ti ilẹ̀kùn, ó sì bọ́ sí i.

Mímú ọ̀pá bọ̀ wálẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù ni wàhálà. Tó bá ti ń bọ̀ nílẹ̀ báyìí, ìbàdí mi á ta síwájú, àyà mi á nà ró, ọwọ́ ò ní ríbi gbà kọjá, bọ́ọ̀lù á yà bàrà sápá ọ̀tún. Mo gbé àga oníke kan sẹ́yìn ara mi ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Parakin, kí ìdí mi fara kàn án. Bí ọ̀pá bá ń lọ sókè, ìdí ọ̀tún ni kó kan àga. Bó bá ń bọ̀, kí ti òsì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, láràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́! Ti ọ̀tún ń kàn án, ti òsì kọ̀ jálẹ̀. Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo ju ọ̀pá sílẹ̀.

Màámi ń wò mí láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ òsì rẹ yẹn mà gan síbẹ̀ bí òpó.”

Mo wolẹ̀. Lóòótọ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì kọjú síwájú gbọnrangandan, itan ò wá ráyè yí nínú oríkèé rẹ̀. Mo ya ẹsẹ̀ náà síta díẹ̀, bíi ibi tí 11 wà lójú aago. Mo tún gbé ọ̀pá. Àga náà dún kẹ́ẹ́ lápá òsì. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé sáré jáde.

Àtìgbà náà ni mo ti mọ̀ ọ́n lára pé ìbàdí ló ń ṣíwájú, àyà á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà apá, ọ̀pá á wá kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti fi àdá ṣánko rí mọ̀ ọ́n: bí o bá fi ọwọ́ nìkan ṣán an, kí oòrùn tó ràn ó ti rẹ̀ ọ́.

Tí mo bá tún un bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ físíò ni mo máa kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n wo bí itan mi ṣe ń yí tó, kí n tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé kí ẹ di ìbàdí pa, ẹ gba owó yín lọ́wọ́ rẹ̀. Lánàá mo gbá bọ́ọ̀lù 60, mo tún fa omi kànga kún dírọ́ọ̀mù Màámi. Ẹ̀yìn ò ro mí.