Gemini 8 ń yí bí òkòtó: ta ló jẹ̀bi?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé ọkọ̀ gbalasa òfurufú Amẹ́ríkà kan, Gemini 8, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì lójú sánmà ní 1966, tòun ti ènìyàn méjì nínú. Ṣé ọkọ̀ kejì tí wọ́n so mọ́ ọn ló fà á?

Ìdáhùn: Rárá o, àmọ́ ohun táwọn tó wà nínú rẹ̀ kọ́kọ́ rò nìyẹn. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, Neil Armstrong àti David Scott gbé Gemini 8 lọ bá Agena, ọkọ̀ kejì tí kò ní èrò, wọ́n sì so ó mọ́ ọn. Ẹnì kankan ò ṣe irú ẹ̀ rí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 27 lẹ́yìn náà, Scott wo bọ́ọ̀lù tó ń fi ìdúró ọkọ̀ hàn níwájú rẹ̀: ọkọ̀ ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní digírì 30.

Kí rédíò tó já mọ́ wọn lẹ́nu, àwọn tó wà nílẹ̀ ti sọ fún wọn pé bí wàhálà bá dé, kí wọ́n pa ìdarí Agena. Ó dà bíi mẹkáníìkì tó ti ní "púlọ́ọ̀gì ni" lórí fóònù kó tó rí mọ́tò. Wọ́n pa á, yíyí náà sì dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀. Ohun tó tàn wọ́n jẹ gan-an nìyẹn.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tó fi burú sí i nígbà tí wọ́n já Agena sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ara Gemini fúnra rẹ̀ ni àrùn wà. Ẹ̀ńjìnnì kéékèèké 16 ló fi ń darí ara rẹ̀. Nọ́ńbà 8 ṣí, kò pa dé mọ́. Armstrong tiẹ̀ ti rí i pé epo àwọn ẹ̀ńjìnnì yìí ti lọ sílẹ̀ sí ìdá 30 nínú 100, àmì pé àwọn ló ń ṣiṣẹ́. Ìwúwo Agena ló ń fa ọwọ́ yíyí náà sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe já a, ọkọ̀ ń yípo lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òòyì ń kọ́ wọn, wọn ò sì ríran dáadáa mọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe dá a dúró?

Ìdáhùn: Armstrong pa gbogbo ẹ̀ńjìnnì wọ̀nyẹn, ó tan àwọn ti imú ọkọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ fún ìpadàbọ̀. Ìdá 75 nínú 100 epo wọn ló bá a lọ. Òfin sì ni pé bí o bá ti tan ìwọ̀nyẹn, ilé yá. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta parí sínú òkun Pàsífíìkì kó tó pé wákàtí 11, Scott ò sì ráyè jáde rìn níta ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló bàjẹ́ gan-an?

Ìdáhùn: Ó jọ pé wáyà iná ló kan ara wọn. Ẹnì kankan ò lè tú u wò, torí apá ọkọ̀ tí ẹ̀ńjìnnì náà wà ni wọ́n máa ń jù nù kí wọ́n tó wọlé sáyé. Wọ́n tún wáyà àwọn tó kù ṣe, tó fi jẹ́ pé bí o bá ti pa bọ́tìnnì, iná ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ńjìnnì mọ́.

Agena tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ńkọ́? Nínú oṣù Keje ọdún yẹn, ọkọ̀ Gemini 10 lọ bá a níbi tó wà, Michael Collins tó wà nínú rẹ̀ jáde, ó sì fọwọ́ yọ àpótí kékeré tí wọ́n fi ń gba eruku sánmà lára rẹ̀.